Ìkòkò Tí Kò Rí Mi

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Dígí mẹ́ta ló wà lára ògiri ibẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì tóbi débi pé bí oníbàárà kan bá jókòó, ńṣe ló máa dà bíi pé gbogbo ẹbí rẹ̀ ló bá a wá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń fi òòyà la irun, inú dígí ni wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo wa. Ọmọṣẹ́ tó bá fara ti ògiri tó fẹ́ tẹ fóònù, á ti gbọ́ ohùn wọn kí fóònù tó tàn.

Mo fẹ́ mọ ibi tí mo lè jókòó sí tí wọn ò ní rí mi. Ìwà ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ fà á, n kò ní purọ́. Oṣù kan ló gbà mí. Mo máa sún àga díẹ̀, mo máa wo dígí, mo tún máa sún un. Níkẹyìn mo rí i pé dígí kì í ṣe idán rárá. Bọ́ọ̀lù tí a bá jù lu ògiri ní ẹ̀gbẹ́ máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tí a bá jù lù ú gbọnrangandan ló máa ń padà bá ẹni tó jù ú. Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣe lára dígí nìyẹn. Igun kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun tí mo ti lè rí gbogbo oníbàárà láìrí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ara mi yá gágá. Kò pẹ́ tí mo sún orí díẹ̀, ojú wa sì ṣe mẹ́rin nínú dígí.

"Má wulẹ̀ yọ́ ṣe," ni wọ́n wí, láìyíjú. "Bí o bá ti rí mi nínú dígí, èmi náà ti rí ọ."

Ìgbà yẹn n kò tíì ní kámẹ́rà. Oníbàárà kan ló gbé òkú tirẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun jù ú nù. Mo tú u palẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Sukúrúù mẹ́rìndínlógún ló jáde, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló padà wọlé, kámẹ́rà náà sì jí. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù wà nínú páálí ìṣáná di òní. N kò mọ ibi tó ti wá, kámẹ́rà náà kò sì béèrè rẹ̀. Ìdérí bátìrì rẹ̀ ti kán, rọ́bà irun ni mo fi dè é.

Ọdún méjì ni mo fi wá iṣẹ́ fọ́tò. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ló ti di onífọ́tò, àwọn tó ń wá iṣẹ́ náà sì pọ̀ bí eṣú. Ilé iṣẹ́ ìròyìn kan ní àwọn kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, pé àwọn akọ̀ròyìn àwọn ti ń ya fọ́tò fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní kí n mú ìrírí ọdún márùn-ún wá. Mo béèrè pé níbo ni ẹni tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ ti ń rí ìrírí ọdún márùn-ún. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń wá tòun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiwọn ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní òdìkejì títì, wọ́n sì nílò ẹni tí wọ́n fọkàn tán tó máa dúró níbẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n sì bá mi sọ ọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọn ò bínú sí kámẹ́rà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ayé kó máa wò bóyá wọ́n á ní kí òun wọlé. Bí iṣẹ́ fọ́tò bá jáde kó tó di Mọ́ńdè, kí n máa lọ. Bí kò bá jáde, kí n wá dúró ti àga ṣọ́ọ̀bù kejì, kí kámẹ́rà lọ sinmi. Mo gbà. Mo gbà pẹ̀lú ẹnu mi, ọ̀rọ̀ àgbà sì ni, n kò lè kó o jẹ.

Kí n tó gbà ni mo ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìkòkò irin dídán. Onífọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, ẹni tó máa ya gbogbo ìkòkò wọn sínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fi fọ́tò ẹyọ kan tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. N kò ní fọ́tò ìkòkò kankan. Mo fi fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́: dígí mẹ́ta, oníbàárà márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi láàárín pẹ̀lú òòyà lẹ́nu. Ọjọ́ Wẹ́sídè, bí mo ṣe ń gbá irun ilẹ̀, ímeèlì wọlé. Ènìyàn tó lé ní igba ló kọ̀wé, mẹ́fà ni wọ́n mú, èmi sì wà nínú wọn. Kí n wá ní Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹta sí etígbọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá rí i pé ibi kan náà ni mo ti ń gbá láti ìgbà náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kọ́ṣẹ́ ní ilé ìdáná, torí gbogbo ìkòkò ilé wa ló ti dúdú. Irin dídán kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló máa gbé wọ̀. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo yà á, fèrèsé wà nínú rẹ̀, iná wà nínú rẹ̀, èmi náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú imú gbọ̀ngbọ̀. Mo ronú pé bí funfun nìkan bá wà níwájú rẹ̀, funfun nìkan ló máa gbé wọ̀. Mo fa aṣọ ìbùsùn funfun mi yọ, mo fi bo ṣíbí náà bí àgọ́, mo sì yọ ojú kámẹ́rà wọlé láàárín. Gbogbo ẹrù ilé ìdáná ló kúrò nínú ṣíbí náà, ṣùgbọ́n ṣíbí fúnra rẹ̀ tún sọnù, funfun lórí funfun, bí ẹyin lórí àwo. Ìgbà tí mo ju ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni etí ṣíbí náà jáde, tín-ínrín, bíi pé ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù fà á. Mo rẹ́rìn-ín sókè. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ìbọ̀sẹ̀, wọ́n sì padà lọ.

Ìkòkò tóbi ju ṣíbí lọ, ìbọ̀sẹ̀ kò lè tó o. Aṣọ dúdú tí wọ́n máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù ló sọ sí mi lọ́kàn. Ó yẹ kí n tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti tún fi ọ̀rọ̀ fọ́tò dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Fúráìdè, ẹ̀gbọ́n mi ń fọ irun oníbàárà, omi ń ṣàn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ká aṣọ dúdú méjì sínú báàgì, mo da kílíìpù irun méjìlá tẹ̀ lé e, mo sì jáde bí ológbò.

Gbọ̀ngàn kan tó ní fèrèsé gígùn ni wọ́n kó àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Tábìlì mẹ́fà, àga méjì nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú ìkòkò kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dán débi pé ojú ń tì mí láti wò ó. Bàbá kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ló gbé àwọn ìkòkò náà kalẹ̀. Àwọn ni wọ́n ti ń mú ìkòkò dán níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ lásán kàn án. Bàbá Oníbọ̀wọ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè wọ́n. Ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó ìwé ọjà náà ṣàlàyé òfin. Wákàtí kan la ní. Fọ́tò ẹyọ kan ni olúkúlùkù máa fi sílẹ̀, bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà, a kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Oríṣi ìkòkò igba ó lé méjìlá ni wọ́n ní, wọ́n ní bí ẹnìkan bá ní láti máa nu àbùkù kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkòkò á ti di ti àtijọ́ kí ìwé tó jáde.

Ọkùnrin tó wà ní tábìlì tó kàn mí gbé iná ńlá mẹ́rin wá, ó sì dé fìlà pupa. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ kí n tó béèrè. Nígbà tó rí aṣọ ìbùsùn tí mo fà yọ, ó dúró.

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ sùn síbí ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìkòkò yìí ni òtútù ń mú."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi fẹ́ ṣí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo gbé àga méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ìkòkò. Mo ta aṣọ funfun sórí wọn, mo fi kílíìpù há a pinpin, mo sì fi àlàfo tóóró sílẹ̀ níwájú fún ojú kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń gba inú aṣọ náà wọlé, ó rọ̀ bí òwú. Mo ká aṣọ dúdú kọ̀ọ̀kan sí gbọọrọ, mo fi kọ́ sínú àgọ́ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Orí mi wú nígbà tí mo rí ohun tó jáde. Ìkòkò náà ń tàn bí òṣùpá, etí rẹ̀ méjèèjì dúdú, ó mú ṣánṣán.

Àmọ́ ojú dúdú kan wà láàárín ikùn rẹ̀, ó ń wò mí. Ojú kámẹ́rà mi ni, àti àtàńpàkò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dín àlàfo náà kù. Ojú náà ṣì wà níbẹ̀. Mo sún kámẹ́rà sẹ́yìn, ojú náà kéré sí i, kò lọ. Mo sún un sí ọ̀tún, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀tún. Mo sún un sí òsì, ó bá mi dé ibẹ̀. Ìkòkò tó rí roboto, kò sí ibi tí ènìyàn yà sí tí kò ní kọjú sí i. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Ọkùnrin oníná mẹ́rin ti parí tirẹ̀, ó ń mu omi. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kejì lójú mi kedere, òòyà, àga, ọjọ́ Mọ́ńdè.

Fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo yọ ọ́ wò: ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọkàn mi sọ pé wọ́n ti ń wá aṣọ wọn. N kò gbé e, mo kàn ń wo orúkọ wọn tó ń tàn, ohùn wọn sì wọlé sí mi létí láìjẹ́ pé mo gbé fóònù. Bí o bá ti rí mi nínú dígí, èmi náà ti rí ọ.

Mo yí ọ̀rọ̀ náà padà lọ́kàn. Ìkòkò ń rí mi torí pé mo gbé kámẹ́rà ko ikùn rẹ̀ lójú, gbọnrangandan. Ọ̀tún àti òsì ni mo ń sá sí, níbi tí ó ti rí roboto. Ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí roboto rárá. Ó dúró ṣánṣán bí dígí ara ògiri. Mo sún kámẹ́rà sókè díẹ̀. Ojú dúdú náà gun ikùn ìkòkò bí èèrà. Mo tún sún un, ó tún gòkè. Bó bá ti gun ẹnu ìkòkò kọjá, ọmọrí ló kù, ọmọrí sì tẹ́, kámẹ́rà kọ́ ló dojú kọ, aṣọ tó wà lókè orí rẹ̀ ló ń wò.

Ibi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi mọ nìyẹn. Ìka mẹ́rin péré ló kù kí ojú náà dé ẹnu ìkòkò, ẹsẹ̀ náà sì ti na tán.

Bí kámẹ́rà kò bá lè gòkè, ìkòkò á sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pe Bàbá Oníbọ̀wọ́, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi gbé e kúrò lórí tábìlì sórí páálí tí wọ́n fi kó àwọn ìkòkò wá, tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Gbogbo àwọn yòókù ń pè mí pé kí n wá nu ìka wọn kúrò lára ìkòkò," ni wọ́n wí. "Ìwọ ń pè mí kí n wá gbé e sílẹ̀. Kí ló ṣe é lókè?"

"Ó ń wò mí jù, bàbá."

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Mo tú àgọ́, mo sọ àga méjèèjì kalẹ̀, mo tún àgọ́ kọ́ nílẹ̀. Ọwọ́ mi yá débi pé n kò mọ̀ pé èmi ni mo ń ṣe é. Ikùn ìkòkò ti wá ń wo ilẹ̀ níwájú, ni mo bá fa ìrù aṣọ ìbùsùn náà síbẹ̀ kí ó má baà gbé àwọ̀ ilẹ̀ wọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ojú lé kámẹ́rà, mo sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti rí ibi tí ojú dúdú náà ti máa yọ. Mo rí i ní ẹnu ìkòkò. Mo sún kámẹ́rà sókè bí ìbú ìka kan. Ojú náà pòórá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá obìnrin náà sì ní àkókò ti tó.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé àwọn fọ́tò náà sí ara ògiri, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, wọ́n sì ń fẹ̀ wọ́n níṣojú gbogbo wa. Ti ẹnìkan funfun bí ẹyin. Ti ẹnìkan gbé fèrèsé mẹ́rin lé ikùn. Ti ọkùnrin oníná mẹ́rin kọ́kọ́ dára jù lọ, ó ń kọ mọ̀nà. Ìgbà tí ọ̀gá fẹ̀ ẹ́ ni a rí i nínú ikùn ìkòkò, tòun ti fìlà pupa rẹ̀, iná mẹ́rin yí i ká, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́wọ́ bí iwin.

"Wọ́n ti sè ọ́ mọ́ ọbẹ̀," ni Bàbá Oníbọ̀wọ́ wí. Ọkùnrin náà gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa.

Ó kan tèmi. Ọ̀gá fẹ̀ ẹ́, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, wọ́n wo ikùn, wọ́n wo ẹnu, wọ́n wo ọmọrí. Wọ́n wá tọ́ka sí ohun kan nínú etí ọmọrí, tó kéré bí hóró ìrẹsì, tó sì ní àwọ̀ òdòdó. Kílíìpù irun ni. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní èyí kò nira, àwọn lè wá kílíìpù funfun. Wọ́n yíjú sí mi.

"Níbo lo wà?"

Mo ní mo wà níwájú ìkòkò gan-an. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé èèrà tó ń gun ikùn ìkòkò. Ọ̀gá kúnlẹ̀ tì mí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn tó mọ́, Bàbá Oníbọ̀wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa mẹ́ta ń sọ orí sókè sódò bí adìyẹ tó ń mu omi. Bàbá ní ọgbọ̀n ọdún rèé tí àwọn ti ń rí ojú àwọn nínú ìkòkò, àwọn kò mọ̀ pé ènìyàn lè bọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ní nígbà tí fọ́tò dígí mẹ́ta yẹn dé ọwọ́ àwọn, odidi ọ́fíìsì ló pé lé e lórí, wọ́n ń wá onífọ́tò nínú dígí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, wọn kò sì rí i.

"Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde, wọ́n gbọn orúnkún wọn nù. "Ìkòkò igba ó lé mọ́kànlá ló kù."

Ẹsẹ̀ mi kò gbélẹ̀. Ọkùnrin oníná mẹ́rin bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bá mi ká aṣọ ìbùsùn, ó sì béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ irú èyí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ó rò pé mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lójú títì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n tó gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ dúdú méjì yẹn wà lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ nígbà tí o ń kó o."

"Ẹ̀yìn lẹ kọ sí mi o."

"Dígí ńkọ́?"

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi pè mí padà. Wọ́n ní àwọn ti rí ìbọ̀sẹ̀ àti ṣíbí, àwọn sì mọ̀ pé ènìyàn tó ń bá ṣíbí rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kò lè dúró ti àga kankan. Àná ni wọ́n ti sọ fún àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ pé kó múra ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi lórí fóònù láàárọ̀, kí Mọ́ńdè má baà jókòó sí mi lọ́rùn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mo kọ̀, n kò gbé e.

Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti gbà mí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun lẹ́yìn wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì yí padà díẹ̀. "Tètè gbé aṣọ mi bọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn, wọ́n jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀."

Nígbà tí mo dé, ṣọ́ọ̀bù kún. Mo kó aṣọ wọn lé àga, mo da kílíìpù méjìlá sínú àwo, mo sì gbé kámẹ́rà yọ. Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sí igun ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Mo dá a dúró. Mo lọ dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, níbi tí dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè rí mi, mo sì ya ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n ṣe ń wò mí nínú dígí, òòyà lẹ́nu, láìyíjú.